Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́ta Tí Alhaji Ní Kí N Kàn

"Aminu, bá mi kan bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta."

Ohùn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbọ́ yẹn, lórí fóònù, láti Èkó. Ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò.

"Mẹ́ta kẹ̀, Alhaji?"

"Mẹ́ta ni. Síìsì-báì-tíríì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Aminullah lorúkọ mi, káfíńtà ni mí, nílùú Òrò níbí, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣoṣo tí mo ní, Suwebat, tíṣà ni. Ọkọ rẹ̀ ni Alhaji Abdulkadir yìí. Ọdún méjìdínlógún ni Alhaji fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oníke kan l'Ékòó, tó jẹ́ pé Iléyá àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́ Hafeezat ọmọ wọn, òun ló ń ṣọ́ ilé, òun ló ń retí. Alhaji wá fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ń bọ̀ wálé pátápátá, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kun ilé. Ó ra kọ́tìnnì. Ó ń kọrin nínú kíṣìnnì, obìnrin tó jẹ́ pé igbe "ẹ jókòó dáadáa!" nìkan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi ní, "Alhaji, bẹ́ẹ̀dì mà wà nílé. Èyí tẹ́ ẹ fi ṣègbéyàwó kò tíì mì rárá."

"Kì í ṣe irú ìyẹn! Tuntun lèyí. Gbogbo àwọn tó lajú ló ń ní in báyìí. Má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ o. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu ni."

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin ní kí n kan bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, kí n má sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Mo gbé òòlù ọwọ́ mi kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, Alhaji?"

"Kò ní ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ni kó jókòó lé. Kó o wá gbé wọn sẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti pọ̀."

Oòrùn ló wí. Oòrùn tó ń ràn lójú ọ̀run. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wa kì í gbé àmì ohùn dání, ńṣe ló máa ń tẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ní pẹrẹsẹ. Oorun ni mo gbọ́. Ibi tí oorun ti pọ̀! Mo rántí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé wọn, níbi tí kò sí ariwo. Mo ní nínú ara mi pé ọkùnrin yìí ti ro gbogbo ẹ̀ pé.

"Igi tó gbó ni kó o lò. Omi á máa dà sí i láàárọ̀, á tún máa dà sí i nírọ̀lẹ́."

"Omi báwo?"

"Omi! Ìgbẹ́ náà á sì wà níbẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló ń… krrrrr…"

Mo yọ fóònù kúrò létí, mo wo ojú ẹ̀. Mo dá a padà.

"Alhaji. Ẹ dákun. Ta ló fẹ́ lo bẹ́ẹ̀dì yìí?"

"Ọ̀kan fún Káró… krrrr… ọ̀kan fún… fìììì… ẹ̀kẹta yẹn, Hẹ́lẹ̀n ló ni ín."

Gbàù! Ó já.

Mo pè é padà. Kò lọ. Mo tún pè é. Obìnrin inú fóònù ní kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ Alhaji wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: MÁ KAN ÌDÍ SÍ I. ÈMI NI MÀÁ FI NǸKAN KÚN UN.

Mo ní tìmùtìmù lọkùnrin yìí ń gbé bọ̀ láti Èkó nìyẹn.

Mo jókòó sórí igi tí mo fẹ́ rẹ́, mo ṣírò. Ẹ̀gbọ́n mi, ìkan. Káró, méjì. Hẹ́lẹ̀n, mẹ́ta. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì gbé orúkọ ẹ̀ mì, mẹ́rin. Ó pé géérégé! Alhaji ò fẹ́ fi àyè kankan ṣòfò.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí wọnú egungun ni ti omi yẹn.

Atọ̀ọ́lé! Ọkùnrin yìí fẹ́ fi àwọn atọ̀ọ́lé gun ẹ̀gbọ́n mi lórí! Ọmọdé pàápàá, òru nìkan ló ń tọ̀ọ́lé. Àwọn wọ̀nyí, láàárọ̀, wọ́n ń tọ̀, nírọ̀lẹ́, wọ́n ń tọ̀. Ẹ tún wá fi ìgbẹ́ kún un! Irú obìnrin wo nìyẹn? Níbo ni wọ́n ti ń rí wọn l'Ékòó?

Ẹ̀rín ń pa mí nísinsìnyí, wálláhì. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó! Kó! Kó! Gbogbo ìṣó tí mo bá kàn, bí ẹni pé àárín orí Alhaji ni mò ń kàn án sí. Mo pinnu pé bẹ́ẹ̀dì yìí ò ní gbé ẹni méjì. Ibi tó yẹ kí n fi ìṣó oní-ínṣì mẹ́ta sí, oní-ínṣì kan ni mo fi sí i. Gúlúù, mi ò tiẹ̀ ṣí ìgò ẹ̀. Alhaji ní kí n má kan ìdí sí i, mo ní ta ló ń sùn nínú bẹ́ẹ̀dì tí kò nídìí, mo wá tẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpótí tòmátì. Ọjọ́ tí Alhaji bá gbé ìyàwó tuntun gun ibẹ̀, kí àwọn méjèèjì bára wọn nílẹ̀.

Ìṣòro mi kan ni pé mo mọ iṣẹ́ jù. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí kò dára lójú. Kí n tó mọ̀, mo ti gbẹ́ òdòdó sí ibi ìgbérílé. Mo gbẹ́ ọkàn méjì tó so mọ́ra. Mo kùn ún ní fáníìṣì, ó ń dán yinrin. Mo wá sọ pé ó dáa, kó dán lójú, kó kú sínú.

Àṣà àwa káfíńtà ni pé a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ oníbàárà sára iṣẹ́, kó má baà dàpọ̀. Mo kọ ọ́. KÁRÓ. HẸ́LẸ̀N. Èyí tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé: ẸNÌKAN.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yà kí mi nígbà tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Ó gbé ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wá fún mi nínú abọ́ ọlọ́mọrí. Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo sáré fẹ́ da aṣọ bò wọ́n. Aṣọ ò tó. Bẹ́ẹ̀dì kan ni mo lè bò. Mo bá jókòó lé ìkejì. Ìkẹta wá dúró síbẹ̀ gedegbe.

"Aminu, kí ló dé tó o fi ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé?"

"Oòrùn ni, Àǹtí mi."

"Inú ṣọ́ọ̀bù?" Ó yí ojú sí bẹ́ẹ̀dì. "Ah-ah! Èyí mà dára o. Ta ló ń gbéyàwó?"

"Ẹnìkan ni."

"Mo rí i. Ìwọ náà kọ ọ́ sí i pé ẹnìkan."

Tíṣà ni, ẹ má gbàgbé. Ohun tí wọ́n bá kọ, ó gbọ́dọ̀ kà á. Ó ṣí aṣọ lórí ìkíní. Ó ka Káró. Ó wò mí.

"Dìde."

"Àǹtí mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Mo ní dìde, Aminullah!"

Tó bá ti pe orúkọ mi pé báyẹn, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ọwọ́ mi máa ń fẹ́ na sókè fún ẹgba. Mo dìde. Ó ka Hẹ́lẹ̀n. Lábẹ́ Hẹ́lẹ̀n, èmi òpònú, èmi olórí burúkú, mo ti kọ ọ́ sí i pé: ALHAJI ABDULKADIR, ÈKÓ.

Mo ro pé ó máa kígbe. Kò kígbe. Ó gbé abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Káró. Òun nìkan ni, ó gbé e.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti ìyàlẹ́nu, mo sọ ti oorun, mo sọ ti omi.

"Wọ́n ń tọ̀ọ́lé?"

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Àǹtí mi."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀."

Ó wá sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ kéré. "Ọdún méjìdínlógún, Aminu. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń ka ọjọ́. Mo ra kọ́tìnnì." Omi bọ́ lójú ẹ̀, ẹyọ kan péré, ó nù ún dànù bí ẹni nu ṣọ́ọ̀kì lójú pátákó. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé ọ̀jọ̀jọ̀ mẹ́rin péré ni mo lè jẹ.

Mo ní kí ó pè é. Ó kọ̀. "Mi ò ní bá a jà lórí fóònù kí nẹ́tíwọ̀kì máa là wá. Kó dé. Kó wo ojú mi, kó dárúkọ wọn fún mi níkọ̀ọ̀kan."

Sátidé pé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kún. Bàbá Àbúdùlàhí, àbúrò bàbá Alhaji, àgbẹ̀ ni, ó wá láti Ìjàrà-Ìsin pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀. Àǹtí ìyá wa, Ìyá Asisat, obìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ tó jẹ́ pé tó bá wọ ọkọ̀, táyà ló máa ń kọ́kọ́ kí i, òun náà ti dé. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, ẹ̀gbọ́n mi ní wọn ò ní wọ yàrá òun kankan. Bí wọ́n ṣe jókòó sí gbangba ẹ̀yìn ilé nìyẹn, lójú oòrùn gan-an. Ó ní kí n fi tapólì bò wọ́n kí àwọn aládùúgbò má baà rí ìtìjú òun.

Tí-tíín! Mọ́tò Alhaji dé.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò kékeré kan há abíyá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó yí wá sẹ́yìn ilé. Ó rí wa. Ó rí tapólì.

"Há! Aminu! O ti gbé wọn dé! Síbi tí mo wí gan-an! Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Ó wò ó dáadáa. "Kí ló dé tí apá kan ga sókè báyẹn?"

Mo ní, "Ibi tí wọ́n máa gbórí lé ni."

"Orí ta ni?"

Bàbá Àbúdùlàhí fi ọ̀pá lu ilẹ̀, kì! "Abdulkadir, sún mọ́bí. Ṣé lóòótọ́ ni pé mẹ́ta lo fẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ojú Alhaji rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Bàbá, ta ló sọ fún yín? Mo fẹ́ fi ya Ìyá Hafeezat lẹ́nu ni. Mẹ́ta ni o. Ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Ìbẹ̀rẹ̀?"

"Bọ́wọ́ mi bá ti mọ́ ọn, màá sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní méjìlá. Orí òrùlé ló kó wọn sí."

Ìyá Asisat gbé ọwọ́ lérí. "Orí òrùlé! Astagfirullah!"

"Kí oòrùn lè máa pa wọ́n dáadáa ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ gbera. Alhaji yíjú sí i, ojú ẹ̀ ń tàn. "Ìyá Hafeezat, ìwọ gan-an á gbádùn ẹ̀. Ìwọ náà á máa bá mi tọ́jú wọn láàárọ̀, kó o tó lọ sílé-ìwé."

"Èmi?"

"Kò le rárá! Bí wọ́n bá ti tó oṣù mẹ́ta, màá fà wọ́n jáde, màá kó tuntun sí i."

"Oṣù mẹ́ta mẹ́ta?"

"Òmíràn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ti gbó."

Bàbá Àbúdùlàhí di ọ̀pá mú gírígírí. "Abdulkadir. Ìwọ ọmọ yìí. Kí lo fẹ́ fi gbogbo wọn ṣe?"

"A ó jẹ wọ́n! Èyí tó bá pọ̀jù, a ó pín in fún àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin náà, Bàbá, mi ò ní gbàgbé yín. Màá mú méjì tó rọ̀ dáadáa wá fún yín n'Íjàrà."

"Èmi?" ni Bàbá wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ohùn tí Bàbá fi wí "èmi" yẹn, ìbínú inú ẹ̀ ti dín kù díẹ̀. Ó tiẹ̀ tún fìlà ṣe. Ìyá Asisat rí i. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, Bàbá bá tètè fi ikọ́ bò ó. "Húùn! Húùn! Mo ní, ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni!"

Ìyá Asisat ní òòyì ń kọ́ òun, òun fẹ́ jókòó. Bàbá ní òun náà fẹ́ jókòó. Àga ò sí nítòsí. Mo rí ibi tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn lọ. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹ má…"

Wọ́n ti jókòó. Àwọn méjèèjì. Sórí Hẹ́lẹ̀n.

GBÀGÀÀÀ! GBỌ̀LỌ̀GBỌ̀LỌ̀! WÀRÀÀÀ!

Ìṣó fò. Pákó fò. Tapólì wé mọ́ wọn bí ewé ẹ̀kọ. Ìgbérílé ré lulẹ̀ pẹ̀lú ọkàn méjì tó so mọ́ra, ó sì bo Bàbá àti Ìyá Asisat mọ́lẹ̀ bí ọkọ àti ìyàwó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin nìkan ló kù lóde. Bàtà Bàbá kan fò lọ bá adìẹ.

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ohùn Bàbá jáde lábẹ́ pákó. "Aminullah! Ṣé ìwọ lo kan èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìṣó dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Kò gùn ni."

"Kí ló dé tí kò gùn?"

Ẹ̀rù bà mí, òtítọ́ já lẹ́nu mi. "Ìyàwó tuntun ni mo ṣe é dè!"

Alhaji tó ti bẹ̀rẹ̀ fẹ́ gbé Bàbá dìde, ó dúró lágbede méjì. "Ìyàwó tuntun ta ni?" Ó fa tapólì kúrò lórí méjì tó kù, fọ̀ọ̀! Ó rí fáníìṣì. Ó rí òdòdó. Ojú ẹ̀ yọ síta bí ọsàn. "Aminu! Kí ni gbogbo ìrànù yìí? Bẹ́ẹ̀dì ni mo ní kó o kàn!"

"Bẹ́ẹ̀dì náà rè é!"

"Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbin nǹkan sí! Tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ kún! Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi tú ọwọ́ tó ká gbera.

Bàbá yọ orí síta. "Ebè!"

"Kì í ṣe ebè, Bàbá. Bẹ́ẹ̀dì ni. Wọ́n máa ń fi igi yí i ká, ó máa ń ga sókè…"

"Ebè tí wọ́n fi igi yí ká! Abdulkadir, ìwọ ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ọmọ àgbẹ̀. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ tá a ní n'Íjàrà yẹn, ejò nìkan ló ń sùn síbẹ̀, o wá fẹ́ gbin nǹkan sínú pósí?"

Alhaji yọ fóònù, ó fi fídíò òyìnbó kan hàn wá, òyìnbó fìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń fa nǹkan pupa tu nínú àpótí. Ó tú àpò kékeré yẹn sílẹ̀. Páálí irúgbìn ló kún inú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. Ohùn ìdánwò ló fi sọ̀rọ̀. "Ta ni Káró?"

Alhaji gbé páálí kan sókè. "Káróòtì."

"Ta ni ẹnìkan?"

"Ẹnìkan wo? Kábéèjì ni."

"Hẹ́lẹ̀n ńkọ́?"

"Hẹ́lẹ̀n? Mẹ́lọ̀n! Mẹ́lọ̀n ni mo wí! Mẹ́lọ̀n tí wọ́n ń gé jẹ, tó pupa nínú! Mi ò mọ Hẹ́lẹ̀n kankan láyé mi."

"Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́?"

"Ṣé kí n má bomi rin wọ́n ni?"

"Ìgbẹ́?"

"Ìgbẹ́ adìẹ!"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ ẹ̀. Ó wo àwọn páálí. Ó wò mí, ìyẹn ò pẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára. Ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rín, ó ń sunkún, ó ń gbá Alhaji lẹ́sẹ̀. "Ẹ wò mí! Mo ti ń jowú kábéèjì! Ọjọ́ méjì ni mi ò fi sùn nítorí káróòtì!" Ìdùnnú tó wà lójú ẹ̀ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Alhaji náà jókòó tì í, ó ń fi fìlà fẹ́ ẹ, ó ní, "Èmi tí ìwọ nìkan ò tíì jẹ́ kí n sinmi, kí ni màá fi mẹ́ta ṣe?" Ìyá Asisat ń rín lábẹ́ pákó, pákó ń mì. Bàbá nìkan ni kò rín tó bẹ́ẹ̀. Ó ń bi Alhaji bóyá ẹ̀fọ́ nìkan ló ní lọ́kàn láti mú wá n'Íjàrà lóòótọ́.

Ayọ̀ wá pé. Ọkọ ti dé, orogún ò sí, ilé ti tòrò. Èmi náà ti ń wo ibi tí wọ́n gbé ìrẹsì sí.

Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti fẹ́ òórùn kan wá. Òórùn burúkú! Òórùn tó ní apá, tó ń gbá èèyàn létí. Oòrùn la ti ṣì gbọ́, a kan oorun, òórùn ló wá kù tó fi dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró sẹ́nu géètì, àpò ìgbẹ́ adìẹ kún ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́fọ́.

Alhaji fò dìde. "Mísíìsì Adéyanjú nìyẹn!" Ó ṣàlàyé fún wa pé obìnrin kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ni, láti Àrán-Ọ̀rin, tí àwọn kan fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀ pé kó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, òun ò rí i rí.

Obìnrin náà wọlé. A ti ń retí ìyá àgbà. Ọmọge ni! Ó wọ ṣòkòtò jíìnsì, ó wọ bàtà róbà dé orúnkún, ètè ẹ̀ pupa bí ata rodo. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá nínú àwókù pákó. Ìka ẹsẹ̀ Bàbá tó wà lóde dáhùn.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Alhaji ní kí n wá wo bẹ́ẹ̀dì kí n tó kó ẹrù mi wọlé."

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi rọra kú. Ó dìde nílẹ̀. Ó gbọn ìdí nù. Ó fi ohùn tí ó fi máa ń pe ọmọ jáde síwájú kíláàsì ní, "Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Kí lorúkọ yín gan-an?"

"Adéyanjú ni, mà. Ṣùgbọ́n Hẹ́lẹ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè mí."

Haa!

Bàbá fa ìgbérílé padà bo ara ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tú ìborùn orí ẹ̀, ó fi gbájá. Alhaji ń fẹ̀yìn rìn, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lókè, páálí irúgbìn ń já bọ́ lára ẹ̀ bí ewé. "Suwebat, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́! Mẹ́lọ̀n ni! Mo ní Mẹ́lọ̀n ni!"

Obìnrin yẹn rò pé òun ni wọ́n pè, ó tún kúnlẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà ni."